Ìdáhùn Mi fún Múyìwá Lórí Kíka Káàdì

Jakande, Ìlasàn,
Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Múyìwá ọmọ mi, Àkànní,

O kú iṣẹ́, o sì kú ìrìn ọ̀nà Ìbẹ̀jú tí ò ń lọ tí ò ń bọ̀. Ara wa le níbí. Bàbá rẹ ti sùn lọ lórí àga, rédíò ló ń dá sọ̀rọ̀. Orúnkún mi náà ti ń gbọ́ ti oògùn. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, gbólóhùn méjì ni màá sọ tí wàá fi ní, "Mọ́mì, mo ti gbọ́, mo wà níbi iṣẹ́." Lórí ìwé, o ò lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Bó bá dé ọwọ́ rẹ lálẹ́ yìí, jókòó kí o kà á tán.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, nígbà tí o wá jẹun lọ́dọ̀ wa, o bi mí ní ìbéèrè kan. O ní ṣé lóòótọ́ ni pé ẹni tó bá mọ káàdì kà lè jẹ tẹ́tẹ́ ẹ̀gbẹ́ tó máa ń wà lórí tábìlì bìláàkì-jáàkì. Mo rò pé o kàn ń bá mi ṣeré ni, torí o mọ̀ pé iṣẹ́ pípín káàdì nílé tẹ́tẹ́ ni mo fi tọ́ ọ dàgbà. Àfi ìgbà tí o ní bí mo bá lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, wàá kọ̀wé fi iṣẹ́ èbúté sílẹ̀ ní ìparí oṣù yìí, kí o lè máa jókòó ti tábìlì ní hòtẹ́ẹ̀lì Lẹ́kí yẹn. Iṣẹ́ tí o wá títí kí o tó rí. Ìgbéyàwó rẹ náà sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹran tó wà lẹ́nu mi nígbà yẹn, mi ò mọ bí mo ṣe gbé e mì. Mo ní kí o máa lọ ná, pé màá dá ọ lóhùn.

Ìdáhùn náà rèé. Mi ò ní parọ́ fún ọ, mi ò sì ní fi ọ̀run àpáàdì dẹ́rù bà ọ́, iṣẹ́ Pásítọ̀ nìyẹn. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ni màá sọ. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà, ní ti káàdì sì rèé, àkísà tèmi kún àpótí.

Mo fẹ́ kí o fi lẹ́tà yìí han Fadékẹ́, nítorí náà màá ṣàlàyé eré yìí kí ìyàwó wa lè lóye. Nínú bìláàkì-jáàkì, ìwọ àti dílà, ìyẹn ẹni tó ń pín káàdì, lẹ dojú kọ ara yín. Ẹni tí káàdì rẹ̀ bá súnmọ́ mọ́kànlélógún jù láì kọjá rẹ̀ ló jẹ. Ìyẹn ni tẹ́tẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí o ń gbé owó sí, wọ́n ya òbìrí kékeré kan, àmì roboto, síbẹ̀. Tẹ́tẹ́ ẹ̀gbẹ́ nìyẹn. O lè gbé owó díẹ̀ síbẹ̀ pé àpapọ̀ káàdì méjì tí wọ́n máa kọ́kọ́ fún ọ á jẹ́ ogún, tàbí pé méjèèjì á jọra bí ìbejì. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á san án fún ọ ní ìlọ́po. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á ti palẹ̀ rẹ̀ mọ́ kí eré gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀ torí owó kékeré ló ń gbà, ó sì ń ṣèlérí ohun ńlá. Àwa tí a wà lẹ́yìn tábìlì mọ̀ pé ibẹ̀ ni ilé tẹ́tẹ́ ti ń jẹun dáadáa.

Èkíní: bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n lè kà á. Mi ò ní fi ìyẹn pamọ́ fún ọ. Káàdì kò dà bí dáìsì lúdò tí kì í rántí ohun tó gbé jáde tẹ́lẹ̀. Káàdì tó bá ti jáde ti jáde nìyẹn, títí wọn á fi tún gbogbo rẹ̀ pò. Bí àwọn kéékèèké bá ti lọ púpọ̀, àwọn ńlá ló kù nílẹ̀, ogún á sì rọrùn láti rí. Ẹni tó bá ń fọkàn ṣírò á mọ̀.

Èyí tí kíkà wúlò fún jù ni ìnṣọ́ránsì. Bí káàdì tí dílà ṣí sílẹ̀ bá jẹ́ éèsì, èyí tó lè dúró fún ọ̀kan tàbí mọ́kànlá, á bi ọ́ bóyá wàá ra ìnṣọ́ránsì, ìyẹn ni pé o ń ta á pé káàdì rẹ̀ kejì tó dojú délẹ̀ á jẹ́ mẹ́wàá, tí tirẹ̀ á fi pé mọ́kànlélógún. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, owó méjì ni wọ́n ń san lórí ọ̀kan. Nínú páàkì kan, méjìléláàádọ́ta ni gbogbo káàdì. Mẹ́rìndínlógún ló ń jẹ́ mẹ́wàá nínú wọn, bí a bá ka ọba, ayaba àti jáàkì mọ́ ọn. Ìwọ tí o ka ìwé ẹnjiníà, o rí i pé ìyẹn kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta, òun ló fi jẹ́ pé ilé tẹ́tẹ́ ló ń jẹ. Ṣùgbọ́n bí àwọn mẹ́wàá tó kù nílẹ̀ bá ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, ẹni tó ń kà ló ni àǹfààní. Ní ti tẹ́tẹ́ ìbejì, àfi kí o máa rántí irú káàdì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èrè tó wà nídìí rẹ̀ kò sì tó iyọ̀ ọbẹ̀. Má da ara rẹ láàmú lórí rẹ̀ rárá.

Ó dájú pé ibi tí mo dé yìí ni wàá ti fẹ́ ká lẹ́tà náà kí o máa yọ̀. Dúró ná.

Èkejì: èmi náà kà á rí. Ìyá mi tó bí mi kì í jẹ́ ká ka ènìyàn nílé, á ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bí a bá pọ̀ nídìí oúnjẹ, orúkọ ló máa pè lọ́kọ̀ọ̀kan títí á fi mọ ẹni tí kò tíì jẹ. Èmi ọmọ rẹ̀ ni mo wá dẹni tó ń ka ayaba àti ọba lójú tábìlì. Nígbà tí mo ṣì kéré nínú iṣẹ́, kí a tó bí ọ, mo gba ìsinmi, mo dé wíìgì, mo sì gba ilé tẹ́tẹ́ mìíràn lọ níbi tí wọn ò ti mọ̀ mí. Owó tí mo tọ́jú láti fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ wà nínú báàgì mi. Mo jókòó, mo ń kà. Ọwọ́ mi mọ́, orí mi pé. Nígbà tó pẹ́, àwọn kéékèèké ti lọ tán, àwọn mẹ́wàá ti dì pọ̀ nílẹ̀. Mo na ọwọ́ láti gbé owó gidi sínú òbìrí kékeré. Bẹ́ẹ̀ ni ike aláwọ̀ iyeyè yọ, dílà ní òun fẹ́ tún káàdì pò.

Wàá bi mí pé ike wo. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín, wọ́n máa ń ti ike pẹlẹbẹ kan bọ àárín káàdì. Ohun tó bá wà lẹ́yìn ike yẹn, ẹnikẹ́ni ò ní rí i. Nítorí àwọn olùkà ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Ibi tí káàdì ti máa ń dára jù ni ìparí, ìparí yẹn ni wọn kì í sì í pín. Èmi tí mo ń fi ọwọ́ ara mi ti ike náà bọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, ọjọ́ tí mo jókòó sí òdìkejì tábìlì, mo gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Ojúkòkòrò ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn.

Mo tún dúró. Nígbà tó yá, àǹfààní náà dé lóòótọ́, káàdì ṣì pọ̀ nílẹ̀, mo gbé owó lé e. Kò jẹ. Mo tún gbé e, kò jẹ. Ìṣírò mi tọ̀nà o, Múyìwá, mo ṣì lè fi ọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n pé nǹkan rọrùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ kò ní kó wá lónìí. Tẹ́tẹ́ tó bá ń san ìlọ́po púpọ̀, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń wọlé. Ènìyàn lè tọ̀nà fún oṣù púpọ̀ kó má jẹ, ebi ò sì ní dúró de ìṣírò. Ẹ̀rọ aládùúgbò wa ni mo fi rán aṣọ títí ọdún yẹn fi parí. Bàbá rẹ ò mọ̀ títí di ọjọ́ òní, bí o bá sọ fún un, màá sẹ́.

Ẹ̀kẹta ni pé ilé tẹ́tẹ́ kì í ṣe ọ̀dẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé tẹ́tẹ́ ẹ̀gbẹ́ ṣeé kà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi gbèdéke sí i. Iye tó pọ̀ jù tí o lè gbé sínú òbìrí kékeré yẹn kò tó nǹkan, àkókò tó dára sì ṣọ̀wọ́n. Ní gbogbo ìgbà tí o bá ń dúró de àkókò náà, o gbọ́dọ̀ máa ta tẹ́tẹ́ gan-an, òun náà sì ń jẹ ọ́ lára díẹ̀díẹ̀. O máa san owó ìjókòó tán kí àlejò tí ò ń retí tó dé.

Àti pé ayé ti yí padà. Nígbà tiwa, ọwọ́ la fi ń po káàdì. Ní ọ̀pọ̀ ibi báyìí, ẹ̀rọ ni. Káàdì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ta tán, inú ẹ̀rọ ni wọ́n ń dà á padà sí lójú ẹsẹ̀, á sì máa pò ó mọ́ ìyókù bí ẹ ṣe ń ṣeré lọ. Kò sí èyí tó lọ tí kò lè padà wá. Kí lẹ fẹ́ kà níbẹ̀? Ẹni tó bá fojú àná wòkú, ẹbọra á bọ́ ọ láṣọ. Ìwé káàdì kíkà tí o ní ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ kan ń kà lórí fóònù kò jẹ́ kí ẹ gbé ojú sókè wo ẹ̀rọ tó wà níwájú yín.

Mi ò mọ iye tí mo kà á dé mọ́, ẹ bá mi kà á bí ẹ bá fẹ́. Èyí tó kàn jẹ́ ti ìwọ àti Fadékẹ́. O ní kò tíì mọ̀ nípa tábìlì. O ní o ti sọ fún un pé ìpàdé iṣẹ́ lò ń lọ. Ọmọ mi, má bẹ̀rẹ̀ ilé rẹ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí èmi àti bàbá rẹ fẹ́ fẹ́ra, a sọ fún àwọn ẹbí rẹ̀ ní Àjáh pé ọ́fíìsì hòtẹ́ẹ̀lì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Irọ́ kékeré, a rò pé kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Ní ìdí iṣẹ́ wa sì rèé, bí dílà bá fẹ́ kúrò nídìí tábìlì, á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, á sì ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì kí kámẹ́rà rí i pé kò kó nǹkan kan lọ. Ó ti wọ̀ mí lára débi pé mi ò mọ ìgbà tí mò ń ṣe é.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo se oúnjẹ fún ìyá àgbà, ìyá bàbá rẹ, mo kúnlẹ̀ gbé e kalẹ̀ dáadáa. Bí mo ṣe dìde báyìí, mo pàtẹ́wọ́, mo ṣí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sí wọn. Ìyá àgbà wo ọwọ́ mi. Wọ́n rọra ti àwo padà. Wọ́n ní ìyàwó tó gbé oúnjẹ fún àwọn, tó wá fi ọwọ́ òfìfo han àwọn pé ó tán, kò sí mọ́, ṣé àwọn tọrọ ni? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wólẹ̀, mo ń sunkún. Bàbá rẹ ò rí ọ̀nà gbé e gbà ju pé kó sọ òtítọ́ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ó ya gbogbo wọn lẹ́nu. Ìyá àgbà ní iṣẹ́ náà kọ́ ló dun àwọn bí kò ṣe pé a fi àwọn ṣe ọmọdé. Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó tún jẹ oúnjẹ ọwọ́ mi. Sọ fún Fadékẹ́ kí nǹkan tó bá ọ sọ ọ́.

Ní ti iṣẹ́ rẹ, mo mọ̀ pé ọ̀nà Ìbẹ̀jú jìn. Mo mọ̀ pé o ti máa ń dúró de bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ní Ṣàngótẹ̀dó kí ilẹ̀ tó mọ́, àti pé ọ̀gá rẹ ń sọ̀rọ̀ sí ọ bí ẹni ń lé ewúrẹ́. O ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọjà náà ni kí ọ̀nà yẹn wọ. Bí ibẹ̀ kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, máa wá òmíràn nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ ṣì wà nínú èyí. Mi ò ní bínú sí ọ bí o bá kúrò níbẹ̀ lọ síbi tó dára jù ú lọ. Èmi náà kúrò níbi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni èyí tí mo ti ń sá fún láti òkè wá.

Mánéjà tó wà ní hòtẹ́ẹ̀lì tí ò ń sọ yẹn, èmi ni mo kọ́ ọ ní káàdì pípín. Lánàá, ọjọ́ Ẹtì, ó pè mí pé kí n wá bá òun wo ọwọ́ àwọn ọmọ tuntun tó fẹ́ gbà. Mo lọ, torí mo fẹ́ fojú ara mi rí tábìlì tí ò ń sọ. Nígbà tí a ṣe tán, ó mú mi wọ yàrá kámẹ́rà. Ó ní, "Màmá, ẹ wo ọmọkùnrin yìí, ó ń ka káàdì." Òkè ni kámẹ́rà ti ń wolẹ̀, orí àti èjìká nìkan ni mo rí. Mo wò ó. Bí àwọn kéékèèké bá ti ń lọ, owó rẹ̀ nínú òbìrí kékeré ń gòkè. Ó ń ṣe é bó ṣe yẹ, mo sì ń yìn ín nínú mi.

Bàbá arúgbó kan wá fi ọ̀pá rìn dé ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọmọkùnrin náà dìde, ó tẹ̀ ba títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan ilẹ̀, ó fa àga fún bàbá náà, ó sì dúró títí bàbá fi kí i tán. Ní gbogbo àkókò yẹn, dílà ń pín káàdì lọ. Odindi ìpín káàdì kan ló jáde tí kò rí. Ó jókòó padà, ó wo ilẹ̀, kò mọ ibi tó kà á dé mọ́, ó sì gbé owó tó pọ̀ jù lọ síbẹ̀. Kó tó gbójú sókè ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ọmọ ta ni yóò dá kíka káàdì dúró nítorí ìkíni, bí kì í bá ṣe ọmọ tí mo kọ́? Inú mi dùn sí ìkíni náà, omi sì bọ́ lójú mi lórí owó yẹn. Ọjọ́ Ẹtì ni, Múyìwá. Èbúté ló yẹ kí o wà.

Mo bi mánéjà pé kí ló dé tí wọn ò lé ọ. Nígbà tiwa, bí a bá rí olùkà, ẹnu ọ̀nà la ń fi hàn án. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ẹni tó lè jẹ wá là ń lé. Èyí ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa, ọmọ dáadáa ni, gbogbo wa ló máa ń kí. Mo ti ní kí wọ́n máa gbé oúnjẹ fún un lọ́fẹ̀ẹ́, kó má bàa gba ibòmíràn lọ."

Mo ní, "Ọmọ mi ni."

Ó dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Ó ní bí mo bá fẹ́, òun á ní kí wọ́n má jẹ́ kí o wọlé mọ́ láti ọjọ́ náà lọ. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá lé ọ, ibi gbogbo ni wàá ti máa sọ pé wọ́n bẹ̀rù rẹ, wàá sì wá tábìlì mìíràn. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o dìde kúrò níbẹ̀. Ọjọ́ Ajé, wọ bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́, lọ bẹ ọ̀gá rẹ nítorí ọjọ́ Ẹtì kí wọ́n tó dá ọ dúró. Lọ́la, mú Fadékẹ́ wá síbí lẹ́yìn ìsìn, màá se ìrẹsì àti ẹ̀wà, ẹ ó jọ ka lẹ́tà yìí lójú mi. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ, ó sì dùn mí débi pé mi ò lè jẹun alẹ́ àná.

Kí n tó jáde ní yàrá yẹn, mo bojú wẹ̀yìn wo kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kan sí i. Oúnjẹ ọ̀fẹ́ náà ti dé. Mo rí i tí o fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, tí o tẹ orí ba, tí o ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, tó ń retí ẹ̀yin méjèèjì lọ́la.